Kí Afárá Tó Jó

Òórùn àdín àgbọn ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ ọjà ní Òkè-Ọ̀dàn. Kì í ṣe àkùkọ, kì í sì ṣe bàbá mi tó máa ń fi ariwo wá bàtà tó ti wọ̀ sẹ́sẹ̀. Bí òórùn náà bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, mo ti mọ̀ pé Àǹtí Rísí ti dé láti Ṣàkẹ́tẹ́. Á ti jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi á ti jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orí títú, òòyà onígi á sì ti wà láàárín eyín Àǹtí bí ẹni pé ó fẹ́ jẹ ẹ́. Inú ìgò ọtí àwọn Faransé ni àdín náà máa ń wà, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi dí i lẹ́nu. Ẹ bá mi wò ó: ilé mùsùlùmí ni ilé wa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń mú inú wa dùn tó kí a rí ìgò ọtí yẹn.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Rísí, ìyá kan náà ló bí wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti gbé e fún ìbátan kan ní Ṣàkẹ́tẹ́ láti tọ́, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti lọ́kọ. Ìyá mi ka ìwé tiwa dé kíláàsì kẹrin. Àǹtí ka ti àwọn Faransé débi pé ó lè fi èdè náà bú ènìyàn kí onítọ̀hún máa dúpẹ́. Ibodè wà láàárín ilé wa àti ilé rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibodè ìgbà náà kò ju okùn kan àti ọkùnrin oníkẹ́pù kan lọ, ẹni tó máa ń béèrè àlàáfíà ọmọ kí ó tó béèrè ohun tó wà nínú agbọ̀n. Àwọn kan ní oko lọ́hùn-ún, wọ́n ní ilé ìdáná níhìn-ín. Kò sẹ́ni tó ka okùn yẹn sí nǹkan kan.

Bí Àǹtí bá ti ń dirun, eré ló máa ń sọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà sí ìhà wa níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Bàbá mi, télọ̀ tó ń rán aṣọ àwọn olùkọ́, ra tẹlifíṣàn kékeré kan, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tó ń lo bátìrì ọkọ̀. Bí a bá kọjú wáyà rẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ohun tí a máa ń rí kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń kù gàrí: funfun ṣáá ló ń dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjú rẹ̀ sí Kútọnu, àwòrán á mọ́ débi pé a lè ka eyín lẹ́nu ẹṣin. Bí a ṣe di ẹrú eré kan tó máa ń wáyé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìyẹn, eré àwọn aláwọ̀ funfun ayé àtijọ́, tó kún fún ọba, idà, ẹṣin, àti òjò tí kì í dá.

A ò mọ orúkọ eré náà. Faransé ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ò sì gbọ́ ju "wi" àti "nọ̀n" lọ, nítorí náà àwa fúnra wa la sọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lórúkọ. Ọmọbìnrin ọba tí wọ́n gba ìtẹ́ bàbá rẹ̀ ni Ọmọ Adé. Bó bá gun ẹṣin, irun rẹ̀ máa ń gùn dé gàárì. Ọ̀dọ́kùnrin aláwàdà tó ń tẹ̀ lé e kiri ni Àbúrò. Onírùngbọ̀n ni èyí tó gba ìtẹ́. Bàbá mi, tí òun náà ní irùngbọ̀n, bínú sí orúkọ yìí, a sì rí i pé kò dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún ọkùnrin burúkú náà dúró títí.

Àwòrán ni àwa máa ń rí ní Sátidé, ìtumọ̀ rẹ̀ dọjọ́ ọjà, lẹ́nu Àǹtí. Láàárín méjèèjì, iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi máa ń dà bí ilé ẹjọ́. Bàbá mi á ní Onírùngbọ̀n ń tọrọ àforíjì, ẹ wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọbẹ̀ fún wọn. Àǹtí á dé, á fa irun ìyá mi le, á ní májèlé ló wà nínú ọbẹ̀ náà. Ẹ̀rín á pa Ìyá Kẹ́mi, aládùúgbò wa, débi pé yóò di ògiri mú. Bí irun bá wá ku ẹyọ ìlà kan, Àǹtí á dákẹ́, á dí ìgò rẹ̀. Ìyá mi á bẹ̀ ẹ́ títí. Èsì kan náà ni: "Ẹ má fi ìyókù ronú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń bọ̀ wá sọ ọ́."

Ìyá mi náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí kò yé sọ. Bí mo bá ti iléèwé dé pẹ̀lú ẹkún tàbí ẹjọ́, tí mo ń ti ìdí bọ̀ sí orí, á gbé ìka sókè: "Tò ó kí o tó sọ ọ́. Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?" Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìtàn sísọ tí mò ń ṣe lónìí. Lábẹ́ igi ọdán iléèwé wa, lákòókò ìsinmi, èmi ni mò ń tún eré náà sọ fún àwọn ọmọ tí kò ní tẹlifíṣàn nílé, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ogun ṣáájú ìgbéyàwó, mo lè bá a jà títí agogo á fi lù.

Ìgbà tí ìjọba àwọn ṣọ́jà ti ibodè pa, rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́, a ò sì gbà á gbọ́. Ta ló lè ti igbó? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo jí fúnra mi, kò sí òórùn kankan. Ìyá mi jókòó sórí ẹní pẹ̀lú orí títú títí oòrùn fi wọ ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó dìde, ó wé gèlè lé irun náà bó ṣe wà, ó sì lọ sọ́jà.

Ọjà pàápàá ti gbẹ. Àwọn tó ń ta ẹja àti tòmátò alágolo láti òdìkejì ti kó àtẹ wọn nílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ti Ìlaró bọ̀ kò rí èrò gbé. Ìjọba kan náà tún ń kọ́ wa bí a ṣe ń tò lórí ìlà. Níbi tí a ti ń ra iyọ̀, ṣọ́jà á dúró pẹ̀lú kòbókò, àgbà àti èwe á tò bí ọmọ iléèwé. Gbogbo nǹkan ló ń tò nígbà náà, àfi ìròyìn.

Ẹnì kan wá tàn án kálẹ̀ pé ẹni tí wáyà tẹlifíṣàn rẹ̀ bá kọjú sí Kútọnu, wọn yóò mú un bí amí. Títí dòní, mi ò tíì pàdé ẹni tí wọ́n mú nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kò dúró wádìí. Ọ̀sán gangan ló gun àkàbà, kí gbogbo àdúgbò lè jẹ́rìí sí i, ó sì yí ojú wáyà náà kúrò ní Kútọnu bí ẹni ń yí ojú òkú sí kìbílà. Láti ọjọ́ náà, gàrí là ń wò ní Sátidé.

Àǹtí Rísí kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó ti lóyún nígbà náà, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wojú Ọlọ́run, kò sì lè gba inú igbó kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní oko lọ́tùn-ún lósì ṣì ń yọ́ kọjá, nítorí ẹ̀gẹ́ wọn kò mọ̀ pé wọ́n ti ibodè. Àǹtí á wo eré ní Sátidé, á wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà wa, á jókòó tì í, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, á ní kó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ẹja ránṣẹ́ ni Àǹtí ṣe ń fi eré ránṣẹ́. Ìyá mi náà á fi èsì ránṣẹ́ padà, èsì kan náà ni: kó máa jẹun, kó má gbé nǹkan tó wúwo, òun ti ṣèlérí pé ọwọ́ òun ni yóò bí ọmọ náà sí, òun ń bọ̀ dandan.

Ẹ ò bá rí àwọn tó ń jíṣẹ́ náà! Alhaja Sìfáwù, ẹlẹ́ja, kò lè gbé nǹkan kí ó má fi tirẹ̀ kún un. Lẹ́nu rẹ̀, Ọmọ Adé máa ń kírun ní àsìkò, Onírùngbọ̀n a máa mu bíà. Bàbá Lánre, àgbẹ̀ tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ní tirẹ̀, kì í jókòó. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á di fìlà rẹ̀ mú, á ní, "Wọ́n jà. Ẹnì kan kú. Ó dàárọ̀." Ní ọ̀sán ni o. Bí Alhaja bá sọ eré fún wákàtí kan, Bàbá Lánre á sọ èyí tó gùn jù ú lọ kí ìyá mi tó dáhùn ìkíni rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í dé bí wọ́n ṣe gbéra. Ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀bá odò lè dé lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí ṣọ́jà dí lọ́nà lè fara pamọ́ sí abúlé kan títí a ó fi gbàgbé pé ó ń bọ̀. Bàbá Lánre ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú èyí: "Wọ́n jà lórí afárá. Afárá jó. Àbúrò kú. Ọmọ Adé gé gbogbo irun rẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀." Ìyá mi sunkún bí ẹni pé ará ilé ni. Kò pẹ́ sí i, Alhaja Sìfáwù dé, ó ní Àbúrò ń fi ẹṣin sáré, ó ń kọrin yẹ̀yẹ́.

Ìyá mi fò sókè. "Mo ní kò kú! Bàbá Lánre ló pa á!"

"Ó lè jẹ́ pé ó jí," ni Ìyá Kẹ́mi wí.

"Òyìnbó kì í jí bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi dáhùn, láì gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Èmi ni mo béèrè lọ́wọ́ Alhaja bí irun Ọmọ Adé ṣe rí nígbà tí Àbúrò ń sáré ẹṣin náà. Alhaja ronú, ó ní irun náà há sí ẹ̀ka igi, pé Àbúrò ló bá a tú u. Bàbá mi dá ẹ̀rọ dúró. "Ó ti yé wa. Irun ṣì wà lórí. Kí afárá tó jó ni." Ìyá mi bá wa jiyàn títí oúnjẹ fi jóná, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti pàdánù. Láti ìgbà náà, irun ni òfin wa. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé dé, a ó kọ́kọ́ béèrè irun, a ó sì mọ ibi tó bọ́ sí: kí afárá tó jó, tàbí lẹ́yìn afárá. Ọ̀rọ̀ náà wọ ilé wa lára débi pé bí bàbá mi bá bi mí léèrè ìgbà tí mo fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi kẹ́yìn, Ìyá Kẹ́mi á bá mi dáhùn: "Kí afárá tó jó ni."

Oṣù oyún Àǹtí ń pé lọ. Ìyá mi di aṣọ àtijọ́ rírọ̀ sínú ẹrù kékeré kan, ó gbé e sí ìdí ilẹ̀kùn. Bàbá mi kò gbà. Wọ́n ti yìnbọn sí àwọn ènìyàn nínú igbó lọ́nà Ìpókíà, ó kéré tán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. "O fẹ́ lọ gbẹ̀bí, ta ni yóò wá tọ́ Wàsíù?" Èmi ni Wàsíù. Mo ń gbọ́ wọn láti orí àkéte mi, mo sì ń gbàdúrà pé kí ọmọ náà fara balẹ̀ níbi tó wà títí wọn yóò fi ṣí ibodè. Ẹrù náà dúró ní ìdí ilẹ̀kùn. A ó máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni Bàbá Lánre dé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé ni, bàbá mi ṣì wọ jálàbíà rẹ̀, Ìyá Kẹ́mi ń yan ẹ̀pà ní ọ̀ọ̀kán. Bàbá Lánre dúró sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń dúró, ó di fìlà rẹ̀ mú.

"Obìnrin náà kú," ló wí.

Ilé gbaná. Bàbá mi ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ọmọ Adé? Irọ́ ni! Ta ni yóò wá gba ìtẹ́ náà?" Ìyá Kẹ́mi fi ẹ̀pà sílẹ̀ lórí iná, ó sáré wá, ó ní òun ti mọ̀, Onírùngbọ̀n ló tún fún un ní ọbẹ̀. Èmi ń pariwo ju gbogbo wọn lọ: "Irun rẹ̀ ńkọ́? Bàbá, irun rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí afárá tó jó ni àbí lẹ́yìn afárá?" Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà sì dúró láàárín wa, ó ń lọ́ fìlà náà bí ẹni ń fún aṣọ tútù.

Ẹ̀pà ti ń jóná kí ó tó rí àyè sọ ọ́.

"Kì í ṣe ti tẹlifíṣàn," ló wí.

Ìyá mi ti jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gẹ́ tó ń rin wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bàbá Lánre kò wò ó lójú. Ó ní orí ìkúnlẹ̀ ni. Ó ní ọmọ náà bá a lọ.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ìyá mi béèrè.

"Wọ́n sọ fún mi ni, Ìyá Wàsíù. Ojú ọ̀nà kò jẹ́ kí n dé ilé wọn."

"Ẹ ò rí i." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìka kan lẹ́yìn èkejì. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa nígbà kan pé ọba ti kú, oorun ló ń sùn. Ẹ máa ń gé ọ̀rọ̀. Ẹ padà lọ béèrè dáadáa."

Àwọn àgbà ìdílé wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, wọ́n ní kó tú irun rẹ̀ bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wọ́n. Ó gbé omi fún wọn, ó kí wọn dáadáa, ó sì ní, "Mi ò ní tú irun nítorí ẹni tó ṣì ń sọ ìtàn fún mi." Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó lọ jókòó láàárín ẹsẹ̀ Ìyá Kẹ́mi, ó ní kó di ṣùkú fún òun, kó dì í le. Ìyá Kẹ́mi ń dirun, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí irun náà, ìyá mi sì ń bi í bóyá òjò ló ń rọ̀. Bàbá mi lọ ṣe àdúrà fún olóògbé ní mọ́sálásí láìsọ fún un, wọ́n pín àkàrà sàárà, mo jẹ tèmi lójú ọ̀nà, mo sì nu ẹnu mi kí n tó wọlé. Ẹrù aṣọ náà ṣì wà ní ìdí ilẹ̀kùn. Alhaja Sìfáwù kò wá mọ́. Kò sí eré láti ibì kankan. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìró ẹ̀rọ nìkan là ń gbọ́.

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là, nígbà tí Jíìmọ̀ yọ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé epo kọjá igbó ni Jíìmọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sí kẹ̀kẹ́. Ó ń fa ẹsẹ̀ kan. Ó ti rù débi pé bàbá mi kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí a má bínú pé òun pẹ́, ọ̀nà ni kò dára.

"Àǹtí Rísí ní kí n kí yín, Màmá," ló wí. "Wọ́n rán mi ní eré."

Ariwo tí ìyá mi pa, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ó di Jíìmọ̀ mú ní apá méjèèjì. "Ta ló rán ọ? Ẹnu rẹ̀ lo ti gbọ́ ọ? Ẹnu rẹ̀ gan-an?"

"Ẹnu wọn gan-an, Màmá. Mo jókòó tì wọ́n, wọ́n ń bó ọsàn fún mi."

"Ẹ wá o! Ìyá Kẹ́mi! Bàbá Wàsíù! Mi ò wí fún yín? Ẹ wá gbọ́!" Ó gbé Jíìmọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bu omi fún un, ó bu ẹ̀bà, ó tún sáré padà lọ fi ẹran kún un. Mi ò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi wò mí, ó wo Ìyá Kẹ́mi, mo sì rí i pé òun náà, tó ti ṣe àdúrà olóògbé, ti ń gbà á gbọ́. Gbogbo wa jókòó síbi tí oníkálukú máa ń jókòó sí láyé ìjà wa. Ìyá mi fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Jíìmọ̀ pa ojú dé bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ka àkọ́sórí. Kò fi kún un bíi ti Alhaja, kò sì gé e bíi ti Bàbá Lánre. Bí Àǹtí ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ń sọ ọ́, a ń gbọ́ ibi tí Àǹtí ti máa ń mí. Ó ní òjò ń rọ̀. Ó ní Ọmọ Adé àti Àbúrò sá sábẹ́ àpáta kan nítorí àwọn ọmọ ogun Onírùngbọ̀n. Ó ní ẹrẹ̀ ti bo Ọmọ Adé, Àbúrò wá fi akoto rẹ̀ gbe omi òjò, ó ń dà á sí irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ fún un, irun náà gùn débi pé ó ní kí ẹṣin bá òun di ìdí rẹ̀ mú. Ọmọ Adé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi.

"Àǹtí ní kí n wí báyìí," ni Jíìmọ̀ fi parí rẹ̀. "Wọ́n ní, kí ẹ̀gbọ́n mi má fi ìyókù ronú. Mo ń bọ̀ wá sọ ọ́."

Àwa tí a máa ń pariwo títí ará ọ̀nà á fi dúró, tí a kì í jẹ́ kí ẹni tó ń jíṣẹ́ gbé omi mì kí a tó bi í léèrè irun, a jókòó bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì. Bàbá mi ń fi èékánná fa òwú kan tó wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá Kẹ́mi ń wo ilẹ̀. Mo mọ ibi tó bọ́ sí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nínú gbogbo Òkè-Ọ̀dàn. Mo ń gbàdúrà kí ìyá mi má bi mí.

Kò bi mí. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó kàn gbàgbé láti gbé e kúrò ni.

"Kí afárá tó jó ni," ló wí.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí gèlè rẹ̀. Ó wá ìdí ṣùkú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìyá Kẹ́mi dìde láti ràn án lọ́wọ́, ìyá mi ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí Ìyá Kẹ́mi tún na ọwọ́, ó gbà á láyè. Wọ́n jọ ń tú irun náà níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ojú Jíìmọ̀ dà rú. Ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀bà. "Ṣé mo ṣì í sọ ni, Màmá?"

"Rárá," ni ìyá mi wí. "O sọ ọ́ dáadáa. O gbé e dé. Jẹun."

Lẹ́yìn ìgbà náà ni bàbá mi sọ fún mi pé inú igbó ni àwọn ṣọ́jà ti mú Jíìmọ̀, pé ojú ló ń tì í láti sọ fún wa. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láràárọ̀ níbẹ̀, ó máa ń kojú sí ògiri, á tún eré náà sọ fún ara rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ wá, kò tíì dé ilé ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹni tó rán an ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ibodè padà ṣí. Ìyá mi mú mi lọ sí Ṣàkẹ́tẹ́ láti kí ọkọ Àǹtí. Ọkùnrin náà gbé òòyà onígi náà lé ìyá mi lọ́wọ́. Tẹlifíṣàn wà lórí tábìlì, aṣọ funfun bò ó. Ó nawọ́ sí i, ó ní bóyá a fẹ́ gbọ́ bí eré yẹn ṣe parí, òun wò ó dé òpin. Ọmọdé ni mí, mo fẹ́ gbọ́ ọ ju oúnjẹ lọ. Ìyá mi mi orí. "Ẹ má sọ ọ́," ló wí. "Ó ní òun ń bọ̀ wá sọ ọ́." Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Mo ti lè wá a kiri, ayé ti lajú. Mi ò wá a.

Ìlaró ni mò ń gbé báyìí, mo ní irùngbọ̀n bíi ti bàbá mi, wọ́n sì ń fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ lọ́nà kan náà. Àwọn ọmọ mi máa ń wo eré ọba àti ogun lórí fóònù, apá yìí, apá tọ̀hún. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya: apá tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, èwo ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wò? Wọ́n gbé ẹjọ́ wá bá mi. "Dádì, ẹ bá wa tò ó." Ọmọ tí mo jẹ́ lábẹ́ igi ọdán ì bá dá wọn lóhùn kí wọ́n tó mí. Èmi wò wọ́n, mo ní kí wọ́n lọ bi ìyá wọn.

Mo tò ó fún yín bí ìyá mi ṣe kọ́ mi: èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e, mo fi ikú sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, tí òórùn àdín àgbọn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ́jà Ìlaró, mi kì í tò ó bẹ́ẹ̀. Bàbá Lánre ló máa ń kọ́kọ́ dé, á sọ tirẹ̀, á lọ. Ti Jíìmọ̀ ni mo máa ń fi sí ìkẹyìn. Òjò ń rọ̀, Àbúrò ń bu omi sí irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnì kan jókòó ní Ṣàkẹ́tẹ́ tó ń bó ọsàn, afárá kò sì tíì jó.